Ikú Mellish nínú Saving Private Ryan: ta ni ká bá wí?

ỌmọArákalẹ̀ · Sátidé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wá bá wa parí ìjà kan kí onílé tó lé gbogbo wa jáde.

Lálẹ́ àná, àwa ayálégbé inú ọgbà wa l'Ákùúrẹ́ jókòó ti fíìmù ogun kan tó ti pẹ́, Saving Private Ryan, èyí tí Steven Spielberg gbé jáde ní 1998. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, bó ṣe lọ rèé. Ogun Àgbáyé Kejì ni, oṣù kẹfà ọdún 1944, àwọn sójà Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí etíkun Faransé. Ọmọ ìyá mẹ́rin ló ti ilé kan lọ sógun, mẹ́ta ti kú. Àwọn ọ̀gá àgbà wá ní kí Captain Miller (Tom Hanks ló ṣe é) kó èèyàn méje lẹ́yìn, kí wọ́n lọ wá ẹ̀kẹrin, Ryan, níbikíbi tó bá wà, kí ìyá wọn lè rí ẹyọ kan gbá mọ́ra. Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn ni Upham, ògbufọ̀ wọn. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Jámánì, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ sójà, kò yìnbọn mọ́. Nígbà tí Captain ní kó palẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ọ̀gbẹ́ni fẹ́ gbé lọ sójú ogun!

Ibi tó dìjà rèé. Nínú ìjà ìkẹyìn, Mellish, tóun náà wà lára àwọn méje yẹn, àti ẹnì kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta, ọta tán lọ́wọ́ wọn. Upham ló yẹ kó gbé ọta lọ bá wọn. Ó gbé e kọ́rùn lóòótọ́, ó ń mì jolojolo lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ olórìṣà, ó dé orí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Ó ń gbọ́ bí Mellish àti ọmọ Jámánì kan ṣe ń wọ̀yá ìjà lókè. Ọ̀bẹ tí Mellish fúnra rẹ̀ fà yọ ni ọkùnrin yẹn yí pa dà sí i láyà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọlé. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lára Upham lórí àtẹ̀gùn bí ẹni kọjá lára àpò gàrí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bọ́dà Mọkáníìkì ní Upham ló pa Mellish, ẹjọ́ ti tán. Bọ́dà tó ń ta fóònù ní Captain ni. Èmi ní àánú ló pa á: ṣebí ṣáájú ìgbà yẹn wọ́n ti mú ọmọ Jámánì kan, àwọn tó kù ní kí wọ́n pa á, Upham bẹ̀bẹ̀ fún un, Captain sì dá a sílẹ̀. Òun náà ló pa dà wá gun Mellish. Kéréètì míníráàlì kan la fi ta á. Láàárọ̀ yìí, Bọ́dà Mọkáníìkì àti Bọ́dà Fóònù ò kí ara wọn nídìí kànga.

TíṣàOǹdó · 9:31 alẹ́

Àbúrò mi, tìrẹ ló kọ́kọ́ wó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀, níbi tí Wade oníṣègùn wọn kú sí ni wọ́n ti mú un. Wọ́n ní kó gbẹ́ sàréè. Bó ṣe rí i pé wọ́n fẹ́ pa òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo nǹkan Amẹ́ríkà tó mọ̀, títí kan àwọn àwòrán ọmọdé, kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀. Captain fi aṣọ dì í lójú, ó ní kó rin ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀, kó wá fi ara rẹ̀ lé sójà Amẹ́ríkà tàbí ti àwọn tó ń bá Amẹ́ríkà jà pọ̀ tó bá kọ́kọ́ pàdé lọ́wọ́. Sójà lásán nìyẹn. Ẹ wo ọrùn aṣọ ẹni tó gun Mellish dáadáa, àmì SS ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ológun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler. Àwọn méjèèjì gé irun wálẹ̀, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn pa dà wá ní tòótọ́. Captain Miller gan-an ni ọta rẹ̀ bá, lórí afárá, Upham sì ń wò ó. Òun ni Upham wá yìnbọn pa ní ìparí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé àánú ló pa èèyàn nínú fíìmù yẹn, ẹni tó ṣàánú ló pa, kò dé ọ̀dọ̀ Mellish rárá.

(Iṣẹ́ tíṣà ni Captain yẹn ń ṣe nílé kó tó wọṣẹ́ ogun, ẹ má retí pé màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa.)

Baby_Àkúrẹ́ · 9:34 alẹ́

Ẹ gbà mí o! Ọdún márùn-ún ni mo ti ń bú ọkùnrin yẹn lórí ohun tí kò ṣe 😭

ỌmọArákalẹ̀ · 9:36 alẹ́

Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti jáde nínú tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ó ku Upham àti Captain.

KòSáyèOjo · 9:50 alẹ́

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ sílẹ̀ ná. Ẹni tó gun Mellish, ọ̀tá ni, iṣẹ́ tó bá wá ló ń ṣe. Ta ló ń retí oore lọ́wọ́ ọ̀tá? Ẹni tó jẹ́ tèmi ni mo máa bá wí. Ìbọn wà lọ́wọ́ Upham. Ọta kún ọrùn rẹ̀. Ọkàn ọkùnrin tó wà lókè yẹn kò sí lẹ́yìn rárá, Mellish ló ń bá wọ̀dìmú. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó kígbe lásán láti orí àtẹ̀gùn, ìyẹn ì bá mú ọwọ́ ẹni yẹn yẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa níbí. Adó-Èkìtì kò jìnnà sí wa, inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà títí di 1996. Ọmọ ibẹ̀ ni Fájuyì. Ní July 29, 1966, n'Íbàdàn, àwọn sójà wá mú Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà ìgbà náà, tó jẹ́ àlejò rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sójà kò kan òun. Òun àti àlejò rẹ̀ ni wọ́n jọ mú lọ, wọ́n sì jọ kú. Títí dòní, à ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ. Ikú yá ju ẹ̀sín. Upham yan ẹ̀sín.

Lọ́yàAlágbàkà · 10:15 alẹ́

KòSáyèOjo, o fẹ́ fi ẹṣin wé ewúrẹ́ lóru yìí? Lieutenant-Colonel ni Fájuyì, gómìnà ológun ni. Ó ti lọ sógun Congo, ó sì ti gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà Military Cross nítorí ohun tó ṣe níbẹ̀. Ìwé ni Upham ń tẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ ní kí n dá ẹjọ́, mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú ló pa Mellish. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fo ọwọ́ yẹn kọjá lọ sórí àtẹ̀gùn ti fẹ́ràn ìjà ju ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òfin ogun kò pe ìyẹn ní ìpànìyàn: àwọn ológun méjì, ìjà ń lọ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nínú wọn. Aṣọ SS lè máa rí wa lára, ó sì yẹ kó rí wa lára, pàápàá nígbà tí Mellish jẹ́ ọmọ Júù, tó sì ti fi ìràwọ̀ ọrùn rẹ̀ han àwọn ẹlẹ́wọ̀n Jámánì tí wọ́n ń kó kọjá. Ìkórìíra wa sí aṣọ yẹn kò sọ ìjà yẹn di ẹ̀ṣẹ̀.

Upham ńkọ́? Òfin ológun Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tó wà fún ẹni tó bá hùwà ojo níwájú ọ̀tá, ó sì lè já sí ikú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìyẹn mú un, ó di ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ojo lorúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, kì í ṣe apànìyàn. Ẹ má sọ pé ó pa á.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ohun kan ṣoṣo tí Upham ṣe tí mo lè gbé lọ kóòtù, gbogbo yín ló pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tó yìnbọn pa ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn, ọwọ́ ọkùnrin náà wà lókè. Ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó tiẹ̀ pe orúkọ Upham. Àdéhùn Geneva ti 1929 ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ó ní ẹlẹ́wọ̀n ogun kì í ṣe ẹran pípa. Ibi tí Upham ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn nìyẹn, lára ẹni tí kò lè jà mọ́.

Baby_Àkúrẹ́ · 10:19 alẹ́

Mo pàtẹ́wọ́ o. Mi ò purọ́.

Southgate_Bọ́ì · 10:40 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ọmọ yunifásítì FUTA lásán ni mí. Tèmi ni pé ẹ kàn ń lé ọmọ iṣẹ́ kiri nígbà tí ọ̀gá jókòó. Captain mọ̀. Upham fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òun kò yìnbọn látìgbà tí òun ti kẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí Wade kú sí, ẹ̀yìn ni wọ́n fi Upham sí kó máa ṣọ́ ẹrù, ojú awò ìbọn ló ti ń wòran. Èyí fi hàn pé Captain fúnra rẹ̀ kò kà á mọ́ àwọn tó lè jà. Nígbà tí ìjà tó le jù wá dé, ẹni yẹn kan náà ló fi sáàárín àwọn oníbọn arọ̀jò-ọta méjì, ìkan lókè ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì, ìkan lọ́dọ̀ Mellish, pé òun ni yóò máa gbé ọta fún wọn. Ìyẹn ni pé bí ọmọkùnrin yìí bá dúró, ìbọn méjì ló dákẹ́.

Nídìí ilé kíkọ́ tí à ń kọ́, a kì í gbé òrùlé lé òpó tí a ò tíì dán wò. Bí ilé bá wó, ẹ kò ní bá òpó wí.

TíṣàOǹdó · 10:52 alẹ́

O gbìyànjú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn: ìwọ ì bá yan ta ni? Gbogbo ẹni tó lè yìnbọn ló ní ibi tó ń ṣọ́. Ẹrù gbígbé ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, òun náà ló gbé fún ẹni tí kò mọ ìjà jà. Ibo ni ẹ̀bi wà níbẹ̀?

Southgate_Bọ́ì · 10:58 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ní kó gbé e fún ẹlòmíì. Mo ní kó fi ẹnì kan tì í. Èèyàn méjì lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ̀rù lè bà wọ́n, ṣùgbọ́n ojú yóò máa ti ọ̀kan níwájú ìkejì, wọ́n á gòkè ni. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń dá rìn nínú ìjà, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

TíṣàOǹdó · 11:03 alẹ́

Hùn. Mo gbọ́.

ÌyáÌbejì_Ìjàpọ̀ · Sọ́ńdè, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ń múra ṣọ́ọ̀ṣì ni, mi ò ní pẹ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò dárúkọ. Nígbà tí ọ̀bẹ yẹn ń wọlé lọ, ọmọ Jámánì yẹn ń sọ̀rọ̀. Kò pariwo, kò bú u. Kò sí ìtumọ̀ kankan nísàlẹ̀ àwòrán, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ kó ṣókùnkùn sí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé ní Jámánì ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ń ní kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, pé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé kò ní pẹ́ tán. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ní ṣṣṣ, ṣṣṣ, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń rẹ àwọn ìbejì lẹ́kún nígbà tí nọ́ọ̀sì bá mú abẹ́rẹ́ dání. Mi ò lè wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá rò ó wò. Nínú ilé yẹn, ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n tìtorí èdè yẹn mú wá sógun ló wà lórí àtẹ̀gùn. Bí ohùn yẹn bá dé etí rẹ̀, kì í ṣe ariwo ìjà nìkan ló gbọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ti bá ọmọ Jámánì kan jókòó rí, ó ti bẹ̀bẹ̀ fún un, ó mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n. Àwọn yòókù lè yìnbọn nítorí pé gbígbó ni wọ́n ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ajá bá ń gbó. Mi ò ní kò jẹ̀bi. Mo kàn ní kí ẹ má pè é ní ojo bí ẹni pé ẹ mọ ohun tó dì í mọ́lẹ̀.

Agogo ti ń lù.

KòSáyèOjo · 9:05 àárọ̀

Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ èdè ọ̀tá ló yẹ kó tètè dìde jù! Ó mọ̀ pé ẹni rẹ̀ ń kú, ó tún mọ ohun tí wọ́n fi ń tàn án lọ.

BàbáSójà_Ọ̀wẹnà · 2:47 ọ̀sán

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí torí ojú mi. Ẹ̀gbẹ́ bárékè Ọ̀wẹnà ni mo kọ́lé sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ Làìbéríà ní 1990.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Monrovia, wọ́n yìnbọn sí wa. Mo ti ṣiṣẹ́ sójà fún ọdún méje nígbà yẹn. Mo ti yìnbọn lu pátákó tó bí ẹ̀gbẹ̀rún ìgbà, wọ́n ti fún mi ní ipò nítorí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà ní ibi tí kò ju láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà lọ. Ó ń pe orúkọ mi. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní kí n dìde. Ara kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ń sọ pé ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù kọ́ ni mo rántí. Bọ́tìnì àpò àyà mi ni mo rántí. Mo dì í mú, mo ń yí i, mo ń yí i, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bọ́tìnì náà ti já, ó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ihò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ àmì sí mi lára.

Ọ̀rẹ́ mi kò kú. Ẹsẹ̀ ni ọta gbà. Ìlú wọn ló wà báyìí, ó ń pè mí ní gbogbo ọdún Iléyá, kò béèrè rí. Torí pé kò kú, kò sí ẹni tó pè mí ní ojo láyé mi. Mo gba owó ìfẹ̀yìntì mi pé, wọ́n ki mí níwájú ìyàwó mi. Bí ọta yẹn bá ti gba ọrùn rẹ̀ dípò ẹsẹ̀, èmi ni Upham. Ohun tí mo ṣe kò ní yàtọ̀ fún ẹyọ kan. Òru kan náà, bọ́tìnì kan náà. Kí ni ẹ máa wá bá mi wí lé lórí, ohun tí mo ṣe ni, àbí ibi tí ọta ọlọ́ta bà sí?

Ẹ má rò pé mò ń dá Upham láre pátá. Ohun kan wà tí mo mú un fún. Nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ lọ, tí òkè dákẹ́, ó jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún, ọta ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìjà ò tíì parí níta. Àwọn kan ṣì wà tó nílò ohun tó gbé dání. Èyí tó kọ́kọ́ mú èèyàn, kò sẹ́ni tó lè bi ọ́ léèrè rẹ̀, ó ń mú akọni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń bi ara mi léèrè. Èmi náà kò dìde títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́yàAlágbàkà · 3:10 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ kú ewu.

Southgate_Bọ́ì · 3:22 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ewu sà. Ṣé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

BàbáSójà_Ọ̀wẹnà · 3:40 ọ̀sán

Rárá. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ní alẹ́ àná ni mo tìtorí ẹ̀ ní kí ọmọ mi bá mi kọ ọ́.

KòSáyèOjo · 5:16 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Upham ṣì jẹ̀bi lójú mi, mi ò ní parọ́ pé mo ti yí pa dà. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ lókè pé ó "yan" ẹ̀sín. Ẹ bá mi yọ "yan" yẹn kúrò.

ỌmọArákalẹ̀ · 10:55 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀bi di ti ta ni, mi ò mọ̀, kéréètì míníráàlì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò sí ẹni tó gboyà láti mu ún.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ rèé. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sókè fún gbogbo ilé nírọ̀lẹ́ yìí. Bọ́dà Fóònù ní ká tún ibẹ̀ wò, ká lè fojú ara wa rí ọrùn aṣọ tí Tíṣà sọ. Kò sí iná, Bọ́dà Mọkáníìkì ló lọ tan jẹ́n, tirẹ̀ ni jẹ́n náà, òun ló tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo wa jókòó. A wo etíkun, a wo ibi tí Wade kú sí, Bọ́dà Mọkáníìkì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe ku díẹ̀ kí Upham dé orí àtẹ̀gùn, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo jẹ́n, pé òun ń gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kò wọlé títí ibẹ̀ fi kọjá. Nígbà tí mo jáde lọ pè é, ó dúró ti jẹ́n náà, ó gbọ́wọ́ lé e lórí. Kò sí nǹkan tó ṣe jẹ́n.